Ọmọ Tí Kì í Fẹnu Jẹun

Nílé Mùrí alápatà, ẹran kì í wọ́n. Ìgbà tí òyìnbó ṣẹ̀ṣẹ̀ la ọ̀nà ojú irin gba ẹ̀bá Ìwó kọjá ni, tí àwọn tó ń da màlúù bọ̀ láti òkè Ọya ń pọ̀ sí i. Bí Mùrí bá ti dúńbú ẹran láàárọ̀, òórùn ẹ̀dọ̀ sísun á gba gbogbo agbo ilé, àwọn ọmọdé á máa fa egungun mu, ajá á máa ju ìrù. Ẹnì kan ṣoṣo ni kì í fi í kan ẹnu. Ràhámọ̀tù ni, ìyàwó Mùrí, ẹni tó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ fọ ìfun àti ṣàkì ẹran ọ̀hún lódò. Ó lóyún, aboyún kì í sì í jẹ ẹran nílé náà.

Ìyá ọkọ rẹ̀ ló fi òfin yìí lélẹ̀. Ẹfúnróyè lorúkọ ìyá náà, obìnrin gíga tí kì í pariwo, ṣùgbọ́n tó jẹ́ pé bó bá ti sọ̀rọ̀ kan, ilé ti gbà á nìyẹn. Bí aboyún bá jẹ ẹyin, olè ni yóò bí. Bó bá jẹ ìgbín, itọ́ ni yóò máa dà lẹ́nu ọmọ títí tí yóò fi dàgbà. Ẹran àti ẹ̀wà ló burú jù, nítorí wọ́n á mú ọmọ sanra nínú, ọmọ tó bá sì sanra nínú kò ní rọ́nà jáde. Ẹ̀kọ tútù ni Ràhámọ̀tù ń jẹ láàárọ̀, ẹ̀kọ náà ni lálẹ́, pẹ̀lú ọbẹ̀ ilá tí kò sí nǹkankan nínú rẹ̀ ju iyọ̀ àti ata díẹ̀ lọ.

"Oyún kékeré loyún ìrọ̀rùn," ni Ẹfúnróyè máa ń wí. "Ọmọ tí kò tóbi kì í pa ìyá rẹ̀."

Ẹ̀ẹ̀mejì ni Ràhámọ̀tù ti tẹ̀ lé òfin yìí. Ọmọ àkọ́kọ́ tó bí kéré bí ọmọ ẹyẹ tí kò tíì hu ìyẹ́, kò sì dúró títí di ọjọ́ ìsọmọlórúkọ. Èkejì gba orúkọ, ṣùgbọ́n kò lágbára tó lè fi fa ọmú. Igbe rẹ̀ kò ju ti ọmọ ológbò lọ. Wọ́n rọ ọ́ lómi, wọ́n gbé e jó, ó sì lọ. Àwọn ará ilé bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ àbíkú. Obìnrin kan tilẹ̀ ní kí wọ́n fi ọ̀bẹ sàmì sí etí òkú ọmọ náà, kó má bàa tún padà wá tan ìyá rẹ̀ jẹ. Ràhámọ̀tù gba òkú ọmọ rẹ̀ mọ́ra, kò jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kàn án. Bó ti ń wo apá ọmọ náà, tó tín-ín-rín bí igi ìfọyín, ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni pé ọmọ yìí kò lọ bá ẹgbẹ́ kankan lọ́run. Ebi ló pa á. Ṣùgbọ́n kò ní ẹ̀rí, ọmọ ọdún mélòó sì ni òun tí yóò máa bá ìyá ọkọ rẹ̀ jiyàn?

Ìgbà tí à ń wí yìí, oyún kẹta ló wà nínú rẹ̀. Ó ti ń ta, ṣùgbọ́n títa rẹ̀ kò le. Ràhámọ̀tù fúnra rẹ̀ ti gbẹ, egungun ọrùn rẹ̀ yọ síta débi pé òjò lè dúró síbẹ̀. Bó bá bẹ̀rẹ̀ mú nǹkan nílẹ̀, òòyì á kọ́ ọ, á di ògiri mú.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ọkùnrin kan láti Kuta fa abo màlúù kan wá fún Mùrí. Ẹran náà já sí kòtò lọ́nà, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan sì kán, kò sí ohun tí a lè fi í ṣe mọ́ ju kí a pa á lọ. Mùrí dúńbú rẹ̀. Nígbà tó là á, ó fi ọ̀bẹ sílẹ̀. Màlúù náà lóyún, oyún ọ̀hún sì ti ń súnmọ́ bíbí. Ọkùnrin Kuta ní òun kò mọ̀, ó ń yọ fìlà rẹ̀, ó ń dé e padà. Mùrí kò bá a jà. Ó gé ilé ọmọ màlúù náà kúrò lódindi, ó gbé e sínú igbá ńlá, nígbà tí Ràhámọ̀tù sì fọ ṣàkì ẹran náà tán, ó ní kó gbé e lọ sétí odò, kó sin ín.

Ràhámọ̀tù gbé igbá náà dé odò. Kó tó gbẹ́ ilẹ̀, ó jókòó sórí òkúta láti sinmi. Ibi tó jókòó sí yìí ni èrò kan ti wọ̀ ọ́ lọ́kàn, èyí tí kì bá tí wọ̀ ọ́ bí kò bá ṣe pé aboyún lòun náà. Ó fẹ́ mọ bí ọmọ ṣe ń gbé nínú. Ó mú ọ̀bẹ tó fi ń la ìfun, ó sì la ilé ọmọ náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Omi dà jáde lára rẹ̀. Ọmọ màlúù náà ká ẹsẹ̀ rẹ̀ jọ bí ẹni tó ń sùn. Irun ara rẹ̀ ti hù, ó dán, pátákò rẹ̀ funfun, ó sì rọ̀ bí ọ̀rá. Kò sí ohun tó kù díẹ̀ káàtó lára rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ pa dé.

Kí ló ti ń jẹ? Láti kékeré ni Ràhámọ̀tù ti ń gbọ́ pé ohun tí aboyún bá gbé mì, orí ọmọ ló ń bọ́ lé, ọmọ á sì fi ẹnu ṣà á jẹ nínú ikùn. Ó fi ìka ya ẹnu ọmọ màlúù náà, kò sí koríko níbẹ̀. Ó la ikùn rẹ̀, omi mímọ́ tó ń yọ̀ ló rí, kò sí èérún koríko kan. Bẹ́ẹ̀ òun fúnra rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ ṣàkì ìyá rẹ̀ tán ni, koríko sì kún inú rẹ̀ bámúbámú. Ó wá rántí pé ibi tí ṣàkì wà nínú màlúù, ibi tí ilé ọmọ wà, ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Kò sí ojú ọ̀nà kan tó ti inú ṣàkì lọ sínú ilé ọmọ.

Nígbà náà ló gbé ìwọ́ ọmọ náà sọ́wọ́. Ó ki bí àtàǹpàkò, ẹ̀jẹ̀ kún inú rẹ̀. Ó tọpa rẹ̀ láti ìdodo ọmọ títí dé ibi tó ti tẹ́ pẹrẹsẹ, tó di olóbì, èkejì ọmọ. Olóbì náà fi àwọn ojú pupa ribiti-ribiti so mọ́ ara ilé ọmọ, bí olú ṣe ń so mọ́ ara igi. Ó ṣí ọ̀kan níbẹ̀. Apá ti ọmọ pupa, apá ti ìyá náà pupa, wọ́n fi ojú kojú, ṣùgbọ́n kò sí ihò tí ẹ̀jẹ̀ ìyá fi ń ya wọ inú ọmọ. Ó dà bí aṣọ tí a fi ń sẹ́ ògì. Ohun tó dára ń gba inú aṣọ kọjá, èèrí ń dúró lẹ́yìn. Ó wá fi ìka tẹ ìwọ́ náà. Ẹ̀jẹ̀ tó wà nínú rẹ̀ rìn wọ ìdodo ọmọ lọ, tààrà sí ọ̀nà ẹ̀dọ̀ rẹ̀.

Ràhámọ̀tù jókòó sórí òkúta náà pẹ̀lú ọwọ́ ẹlẹ́jẹ̀. Ọmọ kì í fẹnu jẹun nínú. Ara ìyá ló fi ń jẹun, ẹ̀jẹ̀ ìyá ni ìkòkò ọbẹ̀ rẹ̀. Ibo sì ni ẹ̀jẹ̀ ìyá ti ń wá, bí kò ṣe nínú ohun tí ìyá jẹ? Ó ronú kan ọmọ rẹ̀ méjèèjì. Ó ronú kan ẹ̀kọ tútù àti ilá oníyọ̀. Kò sunkún. Inú ló ń bí i, ìbínú náà sì fún un lágbára tó ti pẹ́ tó ti ní irú rẹ̀ gbẹ̀yìn. Ó gbé igbá náà padà sórí, ó fi ewé bò ó, ó sì forí lé ilé.

Ẹfúnróyè ń ran òwú lẹ́nu ọ̀nà. Ràhámọ̀tù kúnlẹ̀, ó gbé igbá kalẹ̀ níwájú rẹ̀, ó ṣí ewé kúrò.

"Kí lo gbé wá bá mi yìí?" ni ìyá náà wí.

"Ìyá, ẹ má bínú. Mo fẹ́ kí ẹ fi ojú yín rí i ni. Ẹ wo ẹnu rẹ̀, kò sí nǹkankan níbẹ̀. Ẹ wo inú rẹ̀. Ẹ wá wo ìwọ́ yìí."

Ó ṣàlàyé gbogbo rẹ̀, ó ń fi ìka tọ́ka. Ẹfúnróyè wò ó tán. Ó mú òwú rẹ̀ padà.

"Màlúù nìyẹn," ló wí. "Ìwọ kì í ṣe màlúù."

"Ìyá, àwa náà ní ìwọ́. Àwa náà ní olóbì."

"Mo ní o kì í ṣe màlúù." Ohùn rẹ̀ kò ròkè, ṣùgbọ́n ó gbé òwú sílẹ̀. "O kò mọ Láyọ̀. Kí wọ́n tó mú ọ wọlé yìí ni. Ọmọ mi obìnrin kan ṣoṣo. Nígbà tó lóyún, gbogbo ohun tó bá wù ú ni mo ń sè fún un, èmi fúnra mi. Ẹran, ẹyin, ẹja, kò sí èyí tí kò jẹ. Inú rẹ̀ yọ gbẹ̀ǹdu. Ó rọbí, orí ọmọ kò jáde. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú títí ọwọ́ náà fi tutù. O wá fẹ́ kí n tún fi ọwọ́ mi yìí bọ́ òmíràn pa?"

Kò tíì sí ẹni tó sọ ìtàn yìí fún Ràhámọ̀tù rí. Ó ti rò pé ìyá náà kò fẹ́ràn òun ni. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá.

Ó fi orí kan ilẹ̀. "Ìyá, ẹ kú ọ̀rọ̀ èèyàn. Mo ti wá mọ̀ pé ẹ kò fẹ́ kí n kú ni. Ṣùgbọ́n ọmọ méjì ni mo ti sin. Ebi ló pa wọ́n, Ìyá, inú mi ni ebi ọ̀hún sì ti bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ kò bá lè fara mọ́ ọn kí n jẹun nílé yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n lọ bá àwọn èèyàn mi ní Ilé-Ogbó, kí n lọ bí i lọ́hùn-ún."

Ọ̀rọ̀ ńlá ni. Aboyún tó bá kó ẹrù kúrò nílé ọkọ ti ya aṣọ ọkọ rẹ̀ lójú ọjà. Mùrí, tó ti dé ẹnu ọ̀nà láti ìgbà díẹ̀, tó ń fi aṣọ nu ọwọ́, ló kọ́kọ́ mira. Ó wá síwájú, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú ìyá rẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ ẹran lára aṣọ.

"Ìyá mi, ẹ gbọ́ tèmi náà. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe ló ń jẹ́ kí n rí i. Màlúù tó bá lóyún nígbà tí koríko tutù, ọmọ rẹ̀ á le koko nínú. Èyí tó bá lóyún nínú ọ̀gbẹlẹ̀, egungun ni mo máa ń bá lára ìyá, egungun náà ni mo máa ń bá lára ọmọ. Mo ti ń rí i láti ọjọ́ tó ti pẹ́, mi ò kàn mọ ohun tí mò ń wò ni. Ẹ jẹ́ kó jẹun. Ohun tó bá ti ìdí ẹ̀ yọ, orí mi ni kó wà."

Ẹfúnróyè dìde, ó gbé àpótí ìjókòó rẹ̀.

"Mi ò ní fi ọwọ́ mi sè é," ló wí. "Mi ò sì fẹ́ gbọ́ òórùn rẹ̀." Ó wọlé lọ.

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, Mùrí fúnra rẹ̀ sun ẹ̀dọ̀ lẹ́yìn ilé. Ó fi ewé gbé e wá fún ìyàwó rẹ̀, ó lóṣòó tì í. Ràhámọ̀tù fi èyí àkọ́kọ́ sẹ́nu. Iyọ̀ àti ata gbígbẹ ló wà lára rẹ̀, èéfín igi ṣì ń rùn níbẹ̀. Ó jẹ ẹ́ tán, ó lá ewé. Nígbà tó ṣe díẹ̀, ọmọ inú rẹ̀ ta, títa tó le, débi pé òun àti Mùrí jọ rí i bí aṣọ ṣe mira lórí ikùn rẹ̀. Mùrí rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni Ràhámọ̀tù ti ń jẹun bí ẹni tí wọ́n tú sílẹ̀ nínú okùn. Ẹ̀dọ̀, ẹ̀wà tí a fi epo sè, ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, ẹja gbígbẹ, ẹyin adìẹ, ọsàn. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ padà kún. Òòyì kò kọ́ ọ mọ́. Àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ lódò.

"Ẹyin tí ò ń jẹ yìí," ni ọ̀kan wí, "olè lo máa bí o."

"Bó bá jalè," ni Ràhámọ̀tù dá a lóhùn, ó ń fọ ìfun rẹ̀ lọ, "á jẹ́ pé ó wà láàyè náà nìyẹn."

Àwọn tó gbọ́ ọ rẹ́rìn-ín, ẹni tó sọ̀rọ̀ náà sì rẹ́rìn-ín.

Ẹfúnróyè nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ń dáhùn ìkíni, kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí Ràhámọ̀tù bá ń kọjá lójúde, á gbójú sókè, á wo ikùn náà, á sì gbójú sílẹ̀. Bí ikùn ṣe ń tóbi ni ìyá náà ń rù sí i, àfi bí ẹni pé ara rẹ̀ ni wọ́n ti ń bu ẹran fún ọmọ inú. Nígbà tí oṣù fẹ́ pé, Ràhámọ̀tù jí lọ́jọ́ kan, kò bá a nílé. Ọ̀sán ti pọ́n kó tó rí i tó ń bọ̀, eruku bo ẹsẹ̀ rẹ̀ dé orúnkún. Olúpọ̀nnà ló ti fi ẹsẹ̀ rìn lọ, ó sì mú Àgbékẹ́ bọ̀, agbẹ̀bí tí gbogbo agbègbè náà mọ̀.

"O ní ọmọ ńlá lo fẹ́ bí," ló wí fún Ràhámọ̀tù, láìwo ojú rẹ̀. "A ní láti wá ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń gbà á."

Àfẹ̀mọ́júmọ́ ọjọ́ kejì ni ìrọbí bẹ̀rẹ̀. Oòrùn yọ, ó ga, ọmọ kò tíì yọjú. Àgbékẹ́ kì í kánjú. Ó ń mú Ràhámọ̀tù rìn yí yàrá ká, ó ń fún un ní ògì gbígbóná tó ní oyin nínú láàárín ìrora kan sí òmíràn. Nígbà tí ọ̀sán ń súnmọ́, ó fi ọwọ́ wò ó, ó ní orí ọmọ ti wà lẹ́nu ọ̀nà, ṣùgbọ́n orí ńlá ni.

Ẹfúnróyè gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Ó jáde, ó fara ti ògiri lóde. Nínú ilé, Àgbékẹ́ bẹ̀rẹ̀ sétí Ràhámọ̀tù.

"Ìyàwó, agbára ṣì wà?"

"Ó wà, Ìyá."

"Ṣé o kò tan ara rẹ jẹ? Àwọn tí mo máa ń bá báyìí, ó ti máa ń rẹ̀ wọ́n."

"Mo jẹun," ni Ràhámọ̀tù wí. "Agbára ń bẹ."

Ẹfúnróyè gbọ́ èyí náà láti ibi tó dúró sí. Kò sí ẹni tó mọ ohun tó bá ara rẹ̀ sọ. Ó padà wọlé, ó jókòó sílẹ̀ lẹ́yìn ìyàwó ọmọ rẹ̀, ó ti apá méjèèjì bọ abẹ́ apá rẹ̀, ó dì í mú.

"Fẹ̀yìn tì mí," ló wí. "Èmi rèé lẹ́yìn rẹ. Kúnlẹ̀ dáadáa. Mi ò ní jẹ́ kí o ṣubú."

Ràhámọ̀tù kúnlẹ̀. Ó rọ́ gbogbo agbára rẹ̀ sísàlẹ̀, agbára tó ti ń kó jọ láti oṣù wọ̀nyí wá. Ìrora ẹ̀ẹ̀kan, orí yọ. Ìrora èkejì, èjìká tẹ̀ lé e, gbogbo ara sì bọ́ sọ́wọ́ Àgbékẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ọkùnrin rọ̀gbọ̀dọ̀, tó ti ń ké kí wọ́n tó gbé e sókè. Igbe náà gba ojú fèrèsé jáde. Mùrí tó wà nídìí àtẹ ẹran lójúde gbọ́ ọ. Ó ju ọ̀bẹ sílẹ̀ pẹ̀lú ẹran tí ẹnì kan ń ná lọ́wọ́ rẹ̀, ó sáré wá dúró lẹ́nu ọ̀nà tí wọn kò ní jẹ́ kó wọ̀.

Àgbékẹ́ kò tètè gé ìwọ́ ọmọ náà. Ó mú ọwọ́ Ẹfúnróyè, ó fi ìka rẹ̀ lé e lórí. Ìwọ́ náà ń lù, kì, kì, kì, lábẹ́ ìka ìyá àgbà. Ẹfúnróyè gbé ojú sókè wo Ràhámọ̀tù, omi ti kún ojú rẹ̀.

"Ó ṣì ń jẹun," ló wí. "Ràhámọ̀tù, ó ṣì ń jẹun lára rẹ."

Nígbà tí lílù náà rọlẹ̀, tó sì dúró, wọ́n gé ìwọ́. Olóbì jáde lódindi, ó pupa, ó wúwo. Wọ́n gbé ọmọ sáyà ìyá rẹ̀. Kò dúró de ẹnikẹ́ni kó kọ́ ọ, ó wá ọmú kàn fúnra rẹ̀, ó sì fà á tó fi jẹ́ pé Ràhámọ̀tù pariwo, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún pọ̀ mọ́ ọn.

Wọ́n sọ ọmọ náà ní Abdulganiyu. Ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, àwọn ààfáà ṣàdúrà, wọ́n pa àgbò, èrò kún ojúde. Nígbà tí wọ́n gbé ọmọ jáde, ńṣe ni àwọn ènìyàn ń bi ara wọn bóyá ọmọ oṣù mẹ́ta ni wọ́n yá wá. Ẹfúnróyè kò jẹ́ kí ẹlòmíràn pọ̀n ọ́n. Ó gbé e káàkiri lójúde nínú oòrùn, láti ọ̀dọ̀ obìnrin kan sí òmíràn, ó ń sọ fún wọn pé kí wọ́n gbà á, kí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn wò ó bó ṣe wúwo tó. Bí apá bá ro ẹni tó gbà á, tó sì dá a padà, inú ìyá náà á dùn.

Nimotallahi, ìyàwó tuntun tó wà nínú agbo ilé náà, tí oyún rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ, gba ọmọ náà. Ó gbé e wò, ó sì fojú kan ilẹ̀.

"Ìyá," ló béèrè ní ohùn jẹ́jẹ́, "kí ni ìyá rẹ̀ ń jẹ?"

Ràhámọ̀tù wà lẹ́nu ọ̀nà, ó fara ti òpó, àwo ọbẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbọ́ ìbéèrè náà, ó sì la ẹnu láti dáhùn, ṣùgbọ́n ìyá ọkọ rẹ̀ ti gba ọ̀rọ̀ náà mọ́ ọn lẹ́nu.

"Jókòó," ni Ẹfúnróyè wí fún ọmọbìnrin náà. Ó ti ń ká aṣọ sókè lọ́wọ́, ó ń lọ sídìí ààrò. "Jókòó síbẹ̀, màá sè é fún ọ."